Ọ̀sẹ̀ Kan Tí Wọ́n Fẹ́ Tà Fún Wa

Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Mo tètè ń sọ ọ́ báyìí nítorí àwọn ọmọ mi. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, bàbá wọn ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹni tí ẹnu dídùn tàn dé Jọ́ọ̀sì. Irọ́ ni. Èmi tí mo ń tajà láràárọ̀, tí mo mọ bí ẹnu ọlọ́jà ṣe ń dùn sí i bí ọjà bá fẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn kọ́kọ́ wọ̀ lára.

Nǹkan bí ọdún 1980 ni nígbà náà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú France Road ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò. Mílíìkì alágolo, ṣúgà, bisikíìtì, mínírà, ọṣẹ àti àbẹ́là ni mò ń tà níbẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní réluwé bíi ti bàbá rẹ̀, inú ilé tí bàbá rẹ̀ ti háyà yàrá nígbà tó kọ́kọ́ dé Kánò náà la sì ń gbé. Owó wà nílùú. Ẹni tí kò ra fáànù lọ́dún yẹn, rédíò ló rà. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé ẹnì kan tún gbé nǹkan tuntun dé tó fẹ́ tà.

Ọmọkùnrin náà so táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn ọ̀sán. Ó ra mínírà kan, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun jókòó mu ún lórí bẹ́ǹṣì mi. Yorùbá ni. Bó ṣe ń mu ún, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé páálí ọṣẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mà, ẹ máà bínú o. Ìgbà wo lẹ lọ hólídè gbẹ̀yìn?”

“Kérésì tó kọjá ni. A lọ sílé.”

“Ilé kọ́ ni mò ń sọ, mà. Hólídè. Ibi tí ẹ ti sinmi.”

Mo gbé páálí ọwọ́ mi sílẹ̀. Inú bí mi díẹ̀, nítorí òótọ́ inú ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù fún ẹni tó kàn wá mu mínírà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lílọ sílé wa ṣe máa ń rí. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo Yorùbá Sabon Gari tó bá rí owó mọ́tò ló ń di ẹrù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé ọkọ mi, àwọn ìyàwó ilé ló ń pín oúnjẹ sè: èyí lónìí, tọ̀hún lọ́la. Èmi tí mo wà ní Kánò, láti oṣù kìíní ni ọjọ́ tèmi ti ń ré mi kọjá, wọn kì í sì í gbàgbé ọ̀kankan. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí, wọ́n á pariwo pé, “Ìyàwó Kánò dé!” Wọ́n á dì mọ́ mi, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì fi ọmọ odó rọ́pò ọmọ náà. Gbogbo oúnjẹ tó yẹ kí n ti sè láti ọdún, àárín Kérésì sí ọdún tuntun ni wọ́n ń retí kí n sè é tán.

Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n ṣe bá ilé nìyẹn, àwọn náà ti fi ọdún gbáko sè é láìsí èmi níbẹ̀. N ó gúnyán láàárọ̀, n ó gúnyán lálẹ́, n ó kúnlẹ̀ kí àwọn ọmọ tí mo tó bí, n ó máa pè wọ́n ní bọ̀dá àti àǹtí nítorí pé wọ́n ti wà nínú ilé kí n tó wọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi á gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa wò mí. Bí mo bá dúró láti nu ojú, á ní, “Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ìyàwó mi.” Obìnrin líle ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi iyán rẹ̀ ṣeré. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń fi ẹ̀rín ṣe. Bí a bá padà dé Kánò, tí ọrùn ọwọ́ mi wú, tí ohùn mi há, ọkọ mi á nà gbalaja sórí àga, á mí kanlẹ̀, á ní, “Ọdún yìí mà dùn o!”

Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́táì bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo tẹ́tí. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun kọ́ àwọn ilé ìsinmi kan sí ẹ̀bá Jọ́ọ̀sì, lórí òkè, níbi tí ooru Kánò kò lè dé. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ wọn á sanwó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ti di tirẹ̀ títí ayé, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù, tàwọn ẹlòmíràn ni.

Mo bi í pé, “Ta ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀?”

“Òṣìṣẹ́ wà, mà.”

“Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ta ló ń fọ̀ ọ́?”

“Àwọn náà ni, mà. Tí ẹ bá ti ń jáde lọ gba atẹ́gùn láàárọ̀ báyìí, wọ́n á wọlé wá ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo rí ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn tẹ́, lọ́wọ́ àárọ̀, tí òtútù ń fẹ́ wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì pe ìyàwó kankan. Oníbàárà kan ti dúró tipẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè mí, n kò gbọ́.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi nídìí oúnjẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mu omi sí i. “Ilé kan, onílé méjìléláàádọ́ta! Bí òjò bá ń jò ó, onílé wo ni yóò gun òkè lọ dí i?”

“Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ tẹnu wọn ná, Dádì. Gbígbọ́ kì í ṣe rírà.”

Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n rántí pé owó tí a ní nílẹ̀, owó páànù ilé tí òun ń kọ́ sílé ni. Mo ní mo rántí. Mo rántí lóòótọ́. Mo kàn mọ̀ pé ilé yẹn náà, bí ó bá parí, èmi ni n ó máa gbá a.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n pè wá sí òtẹ́ẹ̀lì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi díẹ̀. Wọ́n fún wa ní mítìpáì àti mínírà. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ẹ̀rọ kan sì ń gbé àwòrán sára ògiri: òkè, òdòdó, àwọn ilé kéékèèké olórùlé pupa. Ọkọ mi kò jẹ mítìpáì rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. Ọkọ mi wú mi lórí lọ́jọ́ náà.

Ó ní ṣé lẹ́yìn owó àkọ́kọ́, kò sí owó mìíràn? Wọ́n ní ó wà, owó ìtọ́jú ilé, ọdọọdún ni, bí a lọ bí a kò lọ. Ó ní ṣé ó lè lé sí i? Wọ́n ní bí ọjà bá gbówó lórí, àwọn náà á fi kún un. Ó ní bí a bá mú ọ̀sẹ̀ kan, tí iṣẹ́ dé, ṣé a lè sún un síwájú? Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí èèyàn bá mú ni tirẹ̀, àfi kó bá ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀. Ó ní bí ó bá sú ni ńkọ́? Wọ́n ní kí onítọ̀hún wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò parọ́, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Ọkọ mi yíjú sí mi pẹ̀lú ìrísí ẹni tó ti jàre, mo sì mọ̀ pé bí a bá jáde báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé àwòrán inú ilé wá. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì. Yàrá kejì, bẹ́ẹ̀dì. Pálọ̀ tó ní àga tó ń ṣí di bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

“Èèyàn mélòó ló lè sùn níbẹ̀?”

“Mẹ́jọ, sà. Kò tiẹ̀ ní fún wọn rárá.”

“Mẹ́jọ!” Ó yọ mítìpáì rẹ̀ kúrò nínú pépà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Kí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e tó rọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkọ mi, tí kì í sọ iye owó oṣù rẹ̀ fún mi, ló dúró níta lẹ́yìn ìsìn tó ń ṣàpèjúwe pálọ̀ ilé Jọ́ọ̀sì fún àwọn ọmọ ìlú wa. “Àjọjẹ kì í dùn bí ẹnìkan kò bá ní,” ó ní. “Olúwa ló fẹ́ fi ṣe wá ní oore, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́.” Lójú rẹ̀, ilé tó gba èèyàn mẹ́jọ kò ṣeé sùn sí ní ẹni márùn-ún. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó pín bẹ́ẹ̀dì: tìyá rẹ̀, tẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti ẹni tó bá kù. Ó fi iṣẹ́ rán awakọ̀ kan sílé, èsì sì dé kíákíá pé Màmá ti gbọ́, Màmá ń bọ̀, wọ́n sì ń bèèrè bóyá odó wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí kí wọ́n gbé tiwọn dání.

Àwọn ọmọ wa, tí a ń bá sọ Yorùbá tí wọ́n ń fi Hausa dáhùn, kò jẹ́ kí etí wa sinmi. “Yaushe za mu tafi?” Ìgbà wo la máa lọ? Láàárọ̀, lálẹ́. Ọkọ mi á ní, “Ẹ bi ìyá yín, òun ló rí i.” Ó ń fi yìn mí ni. Èmi a sì lọ sí ẹ̀yìn ilé lọ dúró.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò ó bí oníṣòwò. Bí ó bá jẹ́ òtútù Jọ́ọ̀sì la fẹ́, a lè wọ ọkọ̀ lọ ní ọdún tó bá wù wá, ká gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mélòó kan, ká sì padà láìjẹ ẹnikẹ́ni ní owó ìtọ́jú. Bí ọdún kan bá le, a ò ní lọ, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn wa. Ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún wa yìí dà bí ìgbà tí èèyàn san owó mílíìkì títí dé ọjọ́ ogbó, láìmọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù náà á ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo èyí ni mo rí. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni, ǹ bá ṣì rà á. Èèyàn máa ń ra ohun tí kò bọ́gbọ́n mu bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ tó. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìsinmi kan ṣoṣo tí mo rí lójú àlá, wọ́n ti kún inú rẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà máa ń jẹ́ kí àwọn tó bá fẹ́ rà á lọ sun oorun ọjọ́ kan níbẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. A fi àwọn ọmọ ti aládùúgbò wa kan, a sì wọ ọkọ̀ lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọkọ mi ní. Ibẹ̀ dára, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, ilẹ̀ tútù, koríko sì wà níbi gbogbo tí ẹnikẹ́ni kò da ẹran sí i. Ọkọ mi gbé àga síta, ó bo ara rẹ̀ pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ọ̀pá ka ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí bí gbogbo ilé bá dé.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ojú mi là bó ṣe máa ń là. Mo jí, mo wẹ̀, mo wá ìgbálẹ̀ rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìta. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń gbá a. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan sáré wá láti ilé kejì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“A’a, Hajiya, ki bari! Aikina ne.”

Ó ń bẹ̀ mí pé kí n fi sílẹ̀, iṣẹ́ òun ni. Ojú tì mí. Ọkọ mi yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó rí wa, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ìwọ náà! O ti bẹ̀rẹ̀. Bí Màmá bá dé ibí, inú wọn á dùn sí ẹ gan-an ni.”

Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́, mo mọ̀. Mo dá ìgbálẹ̀ padà fún obìnrin náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọlé lọ jókòó. Ọkọ mi tẹ̀ lé mi.

“Ọmọkùnrin yẹn máa dé láàárọ̀ yìí. Ó fẹ́ mọ ọ̀sẹ̀ tá a máa mú. Mo ń ro ti Àjíǹde. Àyè máa gba gbogbo èèyàn.”

“Kérésì,” ni mo wí.

“Kérésì kẹ̀? Tá a bá wà níbí ní Kérésì, ìgbà wo la máa lọ sílé?”

“Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ lẹ máa lọ sílé. Èmi á wà níbí.”

Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì kúrò. Ó jókòó sórí àga tó ń ṣí di bẹ́ẹ̀dì.

“Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ nílé?”

“Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan, Dádì. Ó rẹ̀ mí ni. Láti ọdún tẹ́ ẹ ti gbé mi níyàwó, n kò rí Kérésì kan rí. Ilé ìdáná ni mò ń rí. Ẹ wo ilé yìí, èèyàn mẹ́jọ. Nínú èèyàn mẹ́jọ yẹn, ta ni ẹ rò pé ó máa dáná?”

Mo rí i tó yíjú sí ilé ìdáná, sí sítóòfù olójú mẹ́rin tó ti ń yìn fún gbogbo ayé láti ọjọ́ yìí wá, mo sì rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ń wò ó bí ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́.

“O ò sọ fún mi rí,” ó ní.

“Ẹ ò bi mí rí.”

Inú ń bí mi sí i, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, lórí bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tiwa.

Nígbà tí ọlọ́táì dé, ọkọ mi sọ fún un pẹ̀sẹ̀ pé a kò ní rà á. Ọmọkùnrin náà kò jà. Èmi ló kọjú sí. “Mà, ṣé kò wù yín mọ́ ni?”

“Ó wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́jọ ni ilé yín gbà.”

Kò yé e. Ó ní àwọn kan wà tó gba mẹ́wàá.

Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ó ṣe rí nìyẹn: ọ̀rọ̀ a wọ inú rẹ̀ lọ bí omi tó wọ iyanrìn, o ò ní mọ ibi tó gbà. Mo tiẹ̀ ti rò pé ó gbàgbé. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí mo fa àpótí ẹrù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n kó ẹrù tòun àti tàwọn ọmọ nìkan.

“Kí lẹ máa sọ fún Màmá?”

“Mo mọ ohun tí mo máa sọ.”

Wọ́n lọ. Ẹni tí kò bá gbé Sabon Gari rí kò lè mọ bí ó ṣe ń pa rọ́rọ́ ní Kérésì láyé ìgbà náà. Ṣọ́ọ̀bù títì níhìn-ín, ilẹ̀kùn títì lọ́hùn-ún, òpópónà tí èèyàn ti máa ń fi ara gún ara di ibi tí ajá ń sùn sí láàárín títì. Ọjọ́ kìíní, mo sùn títí oòrùn fi dé orí ìrọ̀rí mi. Ọjọ́ kejì, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo kàn ń rìn nínú yàrá. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ ra máásà, àkàrà ìrẹsì wọn, lọ́wọ́ obìnrin Hausa kan tí mo máa ń bá pàdé lójú ọ̀nà ọjà, tó wà nídìí àwo rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, Kérésì kò kàn án.

“Ba ki tafi gida ba?” ó ní. Ṣé o ò lọ sílé ni?

“Ina hutawa.” Mo ń sinmi.

“To, madalla,” ó ní, ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọ̀kan kún un fún mi. Mo jẹ ẹ́ gbígbóná lórí ìdúró, pẹ̀lú oyin, èmi nìkan, n kò pín in fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ mi nílé.

Nígbà tí wọ́n padà dé, n kò jẹ́ kí ọkọ mi sọ ẹrù kalẹ̀ tán kí n tó bèèrè. Ó ní òun sọ fún agbo ilé pé ara mi kò le. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo ilé ti gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n Màmá pè é wọ yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n máa padà, wọ́n ní kó wo ojú àwọn, kó sọ òótọ́, ṣé àìsàn náà le débi pé wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ìyàwó àwọn ni. Ó sì sọ òótọ́ fún wọn.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí ọkọ̀ má fi mí sílẹ̀.”

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ba ọdún tuntun mi jẹ́. Mo mọ ìyá ọkọ mi. Ohun tí kò bá sọ lẹ́nu, ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Lóṣooṣù ni mo ń retí iṣẹ́ tó máa fi rán mi. Kò rán iṣẹ́ kankan. Kérésì tún ń bọ̀, mo sì ti pinnu nínú ara mi pé n ó lọ sílé lọ́dún yìí, n ó gúnyán náà, kí gbogbo ayé lè sinmi.

Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí a fẹ́ gbéra, mo padà dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá ìyá ọkọ mi níwájú ilé wa lórí ẹrù rẹ̀. Ó ti bá mọ́lẹ́bí kan wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú wa, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kò dé Kánò mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Lọ́kàn mi mo ní, ó parí, ó gbé ilé ìdáná tọ̀ mí wá.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé omi iyán kaná.”

“Jókòó,” ó ní.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ó yíjú sí títì.

“Ọkọ ẹ ní o ti rí ibi tó o ti ń sinmi. Mo ti ń rò ó láti ọdún kan. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo wọ ilé yẹn, ìyàwó. Kò sẹ́ni tó bi mí.”

Mo gbé ojú sókè wò ó. Ó ní, “Kí wọ́n máa lọ ní tiwọn, èmi àti ìwọ la máa wà níbí.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Ọkọ mi, tó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kérésì, fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní Kánò, ó kó àwọn ọmọ lọ sílé pẹ̀lú ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé mọ́. Nígbà tí wọ́n ti lọ tán, tí ilé pa rọ́rọ́, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìyá ọkọ mi, mo sì ní kó wá jókòó. Ó jókòó sí etí rẹ̀, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán.

“Kí la fẹ́ ṣe báyìí?” ó ní.

“Kò sí, Màmá.”

“Kò sí nǹkan kan?”

“Kò sí nǹkan kan, mà.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí. Mo ní kó gbé wọn lé ẹsẹ̀. Ó gbé wọn lé e, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ.